Àlàfo Kan Lókè Ìlà Pupa

Ẹni tó jí rẹ́jísítà náà kò fọ́ ohunkóhun. Kò já àgádágodo, kò da ìwé nílẹ̀, kò sì dojú àga dé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́yìn tábìlì akọ̀wé, ó mú ìwé kan ṣoṣo nínú ìwé mọ́kànlélógójì, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa. Inspẹ́kítọ̀ Fèyísọ́lá Ayẹni dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù náà, inú rẹ̀ sì ń dùn díẹ̀. Kò yẹ kí inú ọlọ́pàá máa dùn níbi tí wọ́n ti jalè, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin náà nìyẹn. Ọ̀ràn tó bá ta kókó ni oúnjẹ tirẹ̀.

"Ẹ ṣáà mú un lọ," ni Ìyáàfin Adéfọlárìn wí. Òun ni píríǹsípà Girama Òkè-Ìmọ̀, ní Agbowó. "Kí lẹ tún ń wo kọ́bọ́ọ̀dù sí? Nàfísátù ni akọ̀wé, Nàfísátù ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Rẹ́jísítà ìgbaniwọlé ọdún 1975 sí 1980 ló sọnù láàárọ̀ àná. Ọ̀túnla ni ìgbìmọ̀ elétò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá yẹ gbogbo ìwé wa wò. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Kí ni akọ̀wé fẹ́ fi orúkọ àwọn ọmọ àtijọ́ ṣe, Mà?"

"Ṣé ẹ ò mọ ilé tó ti wá ni? Ọmọ ilé Alhaji Àlíù ni. Bàbá ńlá wọn ló fún ìlú ní ilẹ̀ tí ilé-ìwé yìí wà. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ pé pápá wa kò sí nínú ohun tí wọ́n fi tọrẹ. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n rán an. Ó kánjú, ló bá mú èyí tí kì í ṣe é."

Sájẹ́ǹtì Ògúnlẹ́yẹ, tó bá Fèyísọ́lá wá, mi orí pé òótọ́ ni. Ó ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde lápò. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn kí ọ̀ràn máa parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Fèyísọ́lá na ọwọ́ sí igun kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa páìpù gígùn kan yọ. Àwòrán ilẹ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ká sínú rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà.

"Mà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ mú ọmọ odó wá, ṣé ẹ lè ṣèèṣì gbé àtẹ?"

Ìyáàfin Adéfọlárìn tún gèlè orí rẹ̀ ṣe.

"Bó ti wù kó rí, mo ti dárúkọ rẹ̀ ní àsẹ́ńbílì láàárọ̀ yìí. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ pé olè wà láàárín wa, mo sì sọ ẹni tí í ṣe. Bí ìwé náà kò bá jáde títí àárọ̀ ọ̀la, lẹ́tà ìdádúró rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kó bá yín lọ sí tẹ́ṣàn."

Ẹgbẹ̀rún ọmọ ó lé ní í dúró ní pápá yẹn láràárọ̀. Inú bí Fèyísọ́lá gidigidi, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Kò sí èyí tí ìbínú lè rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Nàfísátù wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ojú. Obìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Bí ó ti rí ọlọ́pàá méjì ló dìde.

"Wallahi, Ọ̀gá, mi ò mú un."

"Jókòó. Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Àná, ní aago méje ààbọ̀. Mo nu eruku ara wọn, mo sì kà wọ́n, mọ́kànlélógójì. Nígbà tí Mà ní kí n kó wọn wá, aago mẹ́jọ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ogójì ni mo bá."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Orí ìṣó ló máa ń wà, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni ò mọ̀?"

Ògúnlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Fèyísọ́lá kò rín. "Níbo lo wà láàárín méje ààbọ̀ sí ìgbà yẹn?"

"Àsẹ́ńbílì ni. Aago mẹ́jọ dín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí tíṣà tó gbọ́dọ̀ wà nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ Mà gbàgbé gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní kí n sáré lọ mú un wá." Ó tún nu ojú. "Èmi nìkan ni mo kúrò lórí pápá. Gbogbo ayé ló rí mi."

"Ẹ ò rí nǹkan!" ni Ògúnlẹ́yẹ wí.

"Ọ̀gá, ọmọ mi obìnrin wà ní SS Wáńnì níbí. Ìlà iwájú ló dúró sí láàárọ̀ yìí nígbà tí wọ́n pè mí lólè. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà náà. Bẹ́ ẹ bá mú mi lọ láìjẹ̀bi, mo lè fara dà á. Ti ọmọ yẹn ni mi ò lè fara dà."

Ẹnu géètì ni wọ́n lọ lẹ́yìn náà. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ búra pé láti ìgbà tí fáànù méjì ti sọnù ní táàmù tó kọjá, kò sí báàgì tí òun kì í yẹ̀ wò, ìbáà jẹ́ ti píríǹsípà. Rẹ́jísítà náà sì tóbi tó àtẹ oúnjẹ, kò ṣeé kì bọ abẹ́ aṣọ. Fèyísọ́lá fi ìyẹn sọ́kàn: ìwé náà kò tíì jáde.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ ni bàbá kan ké sí wọn láti iwájú kíláàsì. Ọkùnrin gíga ni, eruku ṣọ́ọ̀kì kún apá aṣọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú ni, tíṣà ìṣirò. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ti gbàgbé pé ìṣirò ló ń kọ́ wọn.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ṣe ti Nàfísátù. Èmi ni mo kọ́ ọ níbí yìí. Kò lè jalè."

"Ẹ ṣeun, Sà. Ta wá ni ẹ rò pé ó lè ṣe é?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Èmi ò tiẹ̀ tíì dé nígbà náà. Ọkọ̀ dá mi dúró ní Mọ́kọ́lá, aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo wọlé. Taimubúùkù á jẹ́rìí mi."

"Ó dáa, Sà. Ilé-ìwé yín yìí tóbi o."

Ojú bàbá náà tàn. Ó nawọ́ sí ilé láàbù tí wọ́n fi bíríkì pupa kọ́. "Ẹ rí ìyẹn? Èmi ni mo bá àwọn bíríkìlà pọnmi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ọmọ Fọ́ọ̀mù Wáńnì kékeré báyìí! Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n máa ń fi wá ṣe tí ike omi bá dà." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sínú kíláàsì.

Ògúnlẹ́yẹ ní bàbá náà jẹ́ èèyàn dáadáa. Fèyísọ́lá ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàbù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1976 ni.

Taimubúùkù ni ìwé tí tíṣà kọ̀ọ̀kan ń kọ orúkọ àti aago tó wọlé sí, tó sì ń fọwọ́ sí. Bí agogo àsẹ́ńbílì bá ti lù, igbákejì píríǹsípà á fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn, á sì gbé ìwé náà wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ ìlà pupa ni yóò wà. Tíṣà tó bá lọ sábẹ́ ìlà pupa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan, á jí sí ìwé ìbéèrè. Fèyísọ́lá mọ ìwé yìí ju bí igbákejì píríǹsípà ti rò lọ. Láti Ìkẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá sí Ìbàdàn, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi ṣe tíṣà ní Àpáta. Ẹ̀gbẹ́ irú ìwé yìí ni Fèyísọ́lá ti máa ń jókòó ṣeré nígbà tó wà ní kékeré.

Nínú ọ́fíìsì igbákejì píríǹsípà, ó ṣí ojú ewé Ọjọ́ Ajé.

"Ẹ bá mi rò ó, Sájẹ́ǹtì. Tíṣà mẹ́tàdínlógójì ló wà lókè ìlà. Gbogbo wọn dúró ní àsẹ́ńbílì, ara wọn rí ara wọn. Àwọn mẹ́ta ló wà lábẹ́ ìlà. Àwọn yẹn kò tíì dé."

"Nítorí náà, kò ku ẹnì kan àfi Nàfísátù. Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn, Mà."

"Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́." Ó ń fi ìka tọ àwọn orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà kẹsàn-án, ìka rẹ̀ dúró.

Kò sí orúkọ níbẹ̀. Ìlà kẹjọ, Ìyáàfin Ọmọ́fẹ́, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà kẹwàá, ẹlòmíràn. Ìlà kẹsàn-án ṣófo, àfi àmì pẹ́ńsùlù bíńtín kan ní etí rẹ̀.

"Wọ́n fò ó ni," ni Ògúnlẹ́yẹ wí.

"Àwọn tíṣà kì í fo ìlà." Ó ṣí ewé sẹ́yìn: Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́rú. Ó tún ṣí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, abẹ́ orúkọ Ọmọ́fẹ́ gẹ́lẹ́ ni orúkọ Adéróunmú máa ń wà. Ó tún wo abẹ́ ìlà pupa ti Ọjọ́ Ajé. Adéróunmú ló wà níbẹ̀, ní ìkẹta: aago mẹ́jọ kọjá ogójì.

Fèyísọ́lá fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ lọ pe Ìyáàfin Ọmọ́fẹ́ wá."

Obìnrin kúkurú tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni Ìyáàfin Ọmọ́fẹ́. Kò tíì jókòó tó ti ń béèrè ohun tí òun ṣe.

"Ẹ ò ṣẹ̀, Mà. Ta lẹ dá ìlà kẹsàn-án sí fún?"

Ẹnu rẹ̀ wọhò. Ó wo ẹ̀yìn bóyá igbákejì píríǹsípà wà nítòsí.

"Mà, ìyá mi ni tíṣà," ni Fèyísọ́lá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Mo mọ àmì pẹ́ńsùlù. Bí mo bá tètè dé, màá fi àmì sí ìlà kan fún ọ̀rẹ́ mi, kò sì ní sí tíṣà tó máa kọ orúkọ síbẹ̀. Tó bá dé, á rọra wọ àyè rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá yíjú. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Bọ̀ọ̀dá Adéróunmú ni," ni Ìyáàfin Ọmọ́fẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú, àtijí ń le fún wọn. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń bá wọn dá àyè sí. Àná, mo dá a sí bí mo ti máa ń ṣe. Nígbà tí mo tún wo ìwé, mo rí i pé abẹ́ ìlà pupa ni wọ́n lọ kọ orúkọ sí. Ó dùn mí díẹ̀. Mo ní àbí mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Ẹ béèrè?"

"Mo béèrè. Wọ́n ní ó yẹ kí àgbà máa sọ òótọ́."

Nígbà tí Ìyáàfin Ọmọ́fẹ́ jáde, Ògúnlẹ́yẹ kò tíì mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dá a lójú mọ́ ẹni tí yóò fi dè.

"Kò tíì yé mi, Mà. Ọkùnrin náà pẹ́, ó sì gbà pé òun pẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ẹ gbọ́. Bí ẹ bá pẹ́ síbi ìpàdé, tí ọ̀rẹ́ yín sì ti gba àga sílẹ̀ fún yín, ṣé ẹ máa lọ jókòó sórí ilẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí kò fi sùn sábẹ́ ìlà pupa. Àná nìkan ló yàn án. Kò sí tíṣà tó ń fẹ́ ìlà pupa, àfi ẹni tó ń fẹ́ kí ìwé sọ pé òun kò sí nílé-ìwé lágogo mẹ́jọ. Gbogbo èèyàn ń purọ́ pé àwọn tètè dé. Òun purọ́ pé òun pẹ́. Ó gbàgbé pé ọ̀rẹ́ òun yóò dá àyè sí fún òun."

"Kí ni yóò wá fi rẹ́jísítà ṣe?"

Fèyísọ́lá ti gbé fáìlì Adéróunmú sórí ẹsẹ̀. "Fáìlì yìí sọ pé ọdún 1970 ni wọ́n bí i. Òkúta láàbù sọ pé ọdún 1976 ni wọ́n kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún wa pé Fọ́ọ̀mù Wáńnì lòun wà nígbà náà. Ẹ bá mi yọ ọ́, Sájẹ́ǹtì."

Ògúnlẹ́yẹ ka ìka rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́fà?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń pọnmi fún bíríkìlà. Tíṣà ìṣirò o! Inú rẹ́jísítà tó sọnù ni ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an wà, ọ̀túnla ni ìgbìmọ̀ ìbá sì rí i pé ó ti yẹ kó fẹ̀yìn tì."

Ó ku ibi tí ìwé wà. Kò jáde ní géètì. Àná ni wọ́n ti tú gbogbo yàrá Sínọ̀ láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé méjì ló wà nínú ọgbà kan náà, Sínọ̀ ní apá ọ̀tún, Júníọ̀ ní apá òsì, kálukú pẹ̀lú píríǹsípà tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìjà ẹ̀rọ omi ti dé láàárín wọn, píríǹsípà méjèèjì kì í kí ara wọn. Kò sí ẹni tó ronú láti wá ìwé Sínọ̀ lọ sí Júníọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ní kéèyàn wá bàtà rẹ̀ lọ sílé ọ̀tá.

Júníọ̀ kò sì ní tíṣà ìṣirò. Sínọ̀ ló yá wọn ní ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ni. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú ni.

Nínú yàrá ìwé Júníọ̀, àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tò gbọọrọ bí àlejò tí wọn kò tíì fún lómi. Eruku bo gbogbo wọn, àfi ọ̀kan. Fèyísọ́lá fà á yọ. Ọdún 1975 sí 1980. Ó ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ojú ewé kan tó ya.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà. Adéróunmú ló dúró síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà tí Ọmọ́fẹ́ ti wá sọ pé ẹ béèrè ìlà kẹsàn-án."

"Ẹ jókòó, Sà."

Ó jókòó sórí páálí ìwé. "Ojú fẹ́ńsì tó wó ni mo gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, mo mú un, mo gbé e wá síbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i lọ́wọ́ mi ní títì. Mo tún gba ojú fẹ́ńsì jáde, mo wá yọ ní géètì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi fa ojú ewé yín ya?"

"Mo gbìyànjú rẹ̀. Orúkọ ẹni ogún ló wà lójú ewé yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ọwọ́ mi kọ̀." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ìwé-ẹ̀rí tí mo gbà níbi ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo fi wáṣẹ́. Wọ́n ní mo ti dàgbà jù. Mo gé ọdún mẹ́fà kúrò, mo sì gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, bí mo bá lọ, ta ni yóò kọ́ àwọn SS Tírì? Ìdánwò wọn ku oṣù méjì."

"Ẹ̀rù ìdánwò wọn nìkan ló ń bà yín, Sà?"

Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́. "Rárá. Ilé náà dákẹ́ jù. Bí mo bá jí tí kò sí ibi tí mò ń lọ, mi ò mọ ohun tí màá ṣe."

Àánú rẹ̀ ṣe Fèyísọ́lá, kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí àánú kò lè bò.

"Láàárọ̀ yìí, wọ́n pe Nàfísátù lólè lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Mo ní wọ́n á rí i pé kò mọwọ́mẹsẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ìdí tí mo fi wá bẹ̀ yín fún un nìyẹn."

"Ẹ bẹ̀ wá fún un. Ẹ kò sọ òótọ́ fún un."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, àwọn ọmọ tò sórí pápá. Ìyáàfin Adéfọlárìn gba makirofóònù, ó wúkọ́ díẹ̀. "Ìwé tó sọnù ti jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ó yá, ẹ kọ orin orílẹ̀-èdè."

"Mà." Nàfísátù ti rìn jáde láàárín àwọn tíṣà. Kò dúró títí ó fi dé iwájú pèpéle. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ibi tí ẹ ti dárúkọ mi lánàá, ẹ bá mi dárúkọ mi níbẹ̀."

Píríǹsípà wo Fèyísọ́lá. Fèyísọ́lá wo ojú sánmà. Àyè kò sí fún obìnrin náà láti sá lọ.

"Nàfísátù Àlíù kò jalè," ni ó wí níkẹyìn. "Èmi ni mo ṣì í pè. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Àwọn ọmọ hó yè. Ọmọbìnrin kan sáré jáde láti ìlà SS Wáńnì, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ariwo náà kò tíì rọlẹ̀ tí Adéróunmú fi gun pèpéle, tó sì gba makirofóònù lọ́wọ́ píríǹsípà.

"Èmi ni mo mú un," ni ó wí. "Èmi náà ni mo dákẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ògúnlẹ́yẹ rìn tẹ̀ lé e, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nínú àpò, kò sì mú un jáde. Àárín pápá ni wọ́n gbà, iwájú Nàfísátù ni wọ́n sì máa kọjá. Fèyísọ́lá rí i bí ara obìnrin náà ti le. Ó rò pé yóò tutọ́ sílẹ̀ ni, tàbí kí ó ṣépè, kò sì sí ẹni tí ìbá bá a wí.

Nàfísátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Sà," ni ó wí, bó ti máa ń kí i láti ọjọ́ tó ti wọ ilé-ìwé náà ní ọmọ ọdún méjìlá.

Ọkùnrin tí kò sunkún níwájú ọlọ́pàá fi ọwọ́ méjèèjì bojú láàárín pápá, ó bú sẹ́kún.